Alárinà àti Ògiri: Ìtàn Bí Àwọn Aṣàmúlò Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Bá Ara Wọn Sọ̀rọ̀ Tààrà Láti Ẹ̀yìn Ògiri Ààbò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ọgbọ́n tí a fi ń so ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ògiri ààbò wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ìsopọ̀ ẹlẹgbẹ́-sí-ẹlẹgbẹ́ kò ní ọ̀gá, kò sì ní alárinà. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. A fi ìtàn láti ọdún 1969 títí di ọdún 2025 hàn pé láti ìgbà tí ìbẹ̀rù kòkòrò kọ̀ǹpútà àti ọ̀wọ́n àdírẹ́sì ti mọ ògiri yí àwọn aṣàmúlò ká, ó ṣòro kí méjì nínú wọn tó pàdé láìjẹ́ pé ẹnì kẹta mú wọn mọ ara wọn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ara wọn ni ẹni tí alárinà náà í ṣe, àti bóyá ó máa ń yẹ̀ba nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí.

1.0 Ìfáàrà

Nínú ètò ìgbéyàwó àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, alárinà ni ó máa ń wà láàrin ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí wọn kò tíì mọ ara wọn. Òun ni ó mọ ilé àwọn méjèèjì, òun ni ó sì ń bá wọn jẹ́ iṣẹ́ fún ara wọn. Àwọn àgbà wá sọ pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n fún ìtàn kan tí ó jọ pé ó jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìyẹn ìtàn bí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà méjì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí ògiri wà níwájú ilé àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Ọ̀yọ́, tí ó fi fóònù rẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbà pé òun àti ẹ̀gbọ́n òun nìkan ni àwọn jọ ń sọ̀rọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan ni gbogbo ohùn wọn ń gbà kọjá. Èyí tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì ní í ṣe pẹ̀lú bí ohùn yóò ṣe tètè dé sí, iye tí yóò ná ẹni tí ó pèsè ìpè náà, ẹni tí ó lè mọ̀ pé àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, àti ẹni tí ó lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró.

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a la àwọn ọ̀rọ̀ mélòó kan yé ara wa. Àdírẹ́sì ni nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pọ́ọ̀tì ni nọ́ńbà kejì tí ó ń tọ́ka sí iṣẹ́ kan pàtó nínú ẹ̀rọ náà, gẹ́gẹ́ bí ilé kan ṣe lè ní ọ̀pọ̀ yàrá. Ìdì ìsọfúnni ni ègé kéékèèké tí a máa ń gé ọ̀rọ̀, ohùn tàbí àwòrán sí kí a tó fi ránṣẹ́; àdírẹ́sì ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ àti ti ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí máa ń wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ olùpèsè, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sáfà, ni ẹ̀rọ tí ó ń dúró de ìbéèrè àwọn ẹlòmíràn. Ìsopọ̀ ẹlẹgbẹ́-sí-ẹlẹgbẹ́ ni èyí tí ẹ̀rọ aṣàmúlò méjì fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ láìgba inú ẹ̀rọ olùpèsè kọjá. Ògiri ààbò, tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní fáyáwọ̀ọ̀lù, ni ẹ̀rọ tàbí ètò tí ó dúró sí ẹnu-ọ̀nà, tí ó ń pinnu ìdì tí yóò wọlé àti èyí tí a ó dá padà.

2.0 Íntánẹ́ẹ̀tì Kí Ògiri Tó Dé

Ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1969, ẹ̀rọ kan ní Yunifásítì California ní Los Angeles fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ mìíràn ní Stanford Research Institute lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ARPANET. LOGIN ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Lẹ́tà L àti O nìkan ni ó dé kí ẹ̀rọ tó dákú. Bí iṣẹ́ náà ti kéré tó, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a fiyè sí. Àwọn ẹ̀rọ méjèèjì dọ́gba: èkíní lè pe èkejì, èkejì náà sì lè pe èkíní.

Ìdọ́gba yìí wà nínú àbá tí Vinton Cerf àti Robert Kahn gbé jáde ní ọdún 1974, èyí tí ó di TCP/IP, tí ARPANET sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1983. Saltzer, Reed àti Clark (1984) ni wọ́n ṣàlàyé ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀. Lójú tiwọn, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni a kò lè ṣe pé láàrin ọ̀nà; àwọn ẹ̀rọ tí ó wà ní ìkángun méjèèjì nìkan ni wọ́n lè ṣe é dójú àmì. Ohun tí ó tẹ̀lé èrò yìí ni pé kí ọ̀nà máa gbé ẹrù lọ láìdá sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àdírẹ́sì tí wọ́n yàn fún ètò yìí jẹ́ oníbíìtì 32. Ìtumọ̀ èyí ni pé gbogbo àdírẹ́sì tí ó lè wà kò ju 4,294,967,296 lọ. Ní ọdún 1983, ẹ̀rọ tí ó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kò tíì pé 1,000. Iye àdírẹ́sì náà jọ òkun tí ife kò lè gbọ́n tán.

3.0 Bí Ògiri Ṣe Dé

Ohun méjì ni ó mú ògiri wá. Èkíní ni ìbẹ̀rù, èkejì sì ni ọ̀wọ́n. Ó ṣe pàtàkì kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé oògùn ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì.

3.1 Ògiri Ìbẹ̀rù

Ní ọjọ́ 2 oṣù Bélú, ọdún 1988, Robert Tappan Morris, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell, tú kòkòrò kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ tí ó ń ti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sínú òmíràn fúnra rẹ̀. Nǹkan bí 6,000 ẹ̀rọ ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń dá lé pé ó kọlù. Ní ọdún 1990, ilé-ẹjọ́ fi Morris sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún 3, ó ní kí ó ṣe iṣẹ́ ìlú fún wákàtí 400, kí ó sì san ìtanràn 10,050 dọ́là. Ẹ̀kọ́ tí àwọn alábòójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí kọ́ ni pé ẹnu-ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ ń gbà wọlé ni olè náà ń gbà.

Mogul (1989), tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation, ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ẹnu-ọ̀nà ṣe lè yẹ ìdì kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó gbà á láyè. Ní ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ Check Point ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì gbé ògiri FireWall-1 jáde. Ògiri irú èyí ní ìrántí. Ó ń kọ ẹni tí ó ti inú ilé sọ̀rọ̀ síta sílẹ̀ àti ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni òfin tí ó gbilẹ̀ títí di òní ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: ìdì tí ó bá jẹ́ èsì sí ọ̀rọ̀ ẹni inú ilé yóò wọlé, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò béèrè yóò padà sẹ́yìn. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi òfin yìí sọ́kàn, nítorí pé inú rẹ̀ gan-an ni a ó ti rí ọ̀nà àbáyọ.

3.2 Ògiri Ọ̀wọ́n

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ó hàn pé àdírẹ́sì kò ní í kárí. Ní oṣù Èbìbí, ọdún 1994, Kjeld Egevang àti Paul Francis kọ ìwé ìlànà RFC 1631, èyí tí ó gbé ètò NAT kalẹ̀. Nínú ètò yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ilé kan máa ń lo àdírẹ́sì abẹ́lé tí kò jáde síta, ẹ̀rọ ẹnu-ọ̀nà yóò sì máa pààrọ̀ rẹ̀ sí àdírẹ́sì gbangba nígbà tí ìdì bá ń jáde. Ní oṣù Èrèlè, ọdún 1996, ìwé RFC 1918 ya àwọn àdírẹ́sì abẹ́lé sọ́tọ̀, lára èyí tí gbogbo àdírẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 àti èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 wà.

Ìwé ọdún 1994 náà fúnra rẹ̀ ka NAT sí ojútùú onígbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí onígbà díẹ̀ yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sì pẹ́ tí ó fi di ògiri, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tìtorí ààbò dá a sílẹ̀. Bí ìdì bá ti ìta wá, tí ẹ̀rọ ẹnu-ọ̀nà kò sì rí àkọsílẹ̀ pé ẹnì kan nínú ilé ń retí rẹ̀, kò ní í mọ ẹni tí yóò fi í fún, yóò sì sọ ọ́ nù.

Báyìí ni ìdọ́gba ọdún 1969 ṣe bàjẹ́. Àwọn tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pín sí ọ̀nà méjì: àwọn tí a lè pè, tí wọ́n jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ olùpèsè, àti àwọn tí ó lè pe ẹlòmíràn ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lè pè. Nínú àwọn sáíbà káfé tí ó gbilẹ̀ ní àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ó wọ́pọ̀ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa pín ìsopọ̀ sátẹ́láìtì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ lè ka ohun tí ayé kọ, àmọ́ kò lè fi ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ ṣe ilé tí ayé yóò wá kàn. Òǹkàwé ni ètò náà sọ ọ́ dà.

4.0 Nígbà Tí Ẹlẹgbẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Wá Ẹlẹgbẹ́

Ní oṣù Òkúdù, ọdún 1999, Shawn Fanning gbé Napster jáde fún pípín orin láàrin àwọn aṣàmúlò. Ẹ̀rọ olùpèsè Napster kò tọ́jú orin kankan. Ìwé orúkọ ni ó ń tọ́jú, ó sì ń sọ ibi tí orin kọ̀ọ̀kan wà. Bí orin bá wà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri, ẹni tí ó fẹ́ ẹ kò lè lọ kàn án nílé. Ohun tí Napster ń ṣe ni pé ẹ̀rọ olùpèsè rẹ̀ yóò ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni orin pé kí ó fúnra rẹ̀ jáde lọ gbé e fún ẹni tí ó béèrè. Ọgbọ́n yìí múná dóko bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan péré ni ó wà lẹ́yìn ògiri. Bí ó bá jẹ́ àwọn méjèèjì, ọgbọ́n tán.

Àwọn ilé-iṣẹ́ olórin pe Napster lẹ́jọ́ ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1999, ó sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní oṣù Agẹmọ ọdún 2001. Òfin kò nílò láti wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún aṣàmúlò kiri. Alárinà kan ṣoṣo ni wọ́n mú, ìgbéyàwó gbogbo sì túká. Gnutella, tí Justin Frankel àti Tom Pepper gbé jáde ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2000, gbìyànjú láti yẹra fún irú ewu yìí nípa pé kò ní ẹ̀rọ àárín kankan. Àwọn aṣàmúlò ni wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ fún ara wọn. Síbẹ̀, ìṣòro ògiri méjì kò kúrò nílẹ̀. Ẹni méjì tí ó wà lẹ́yìn ògiri lè gbọ́ ìròyìn ara wọn lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ yòókù, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi orin lé ara wọn lọ́wọ́.

5.0 Ọgbọ́n Dídá Ihò Lu

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ẹni tí yóò mú ògiri lanu. Dan Kegel, tí ó ń ṣe ètò eré orí kọ̀ǹpútà, kọ àlàyé kan ní oṣù Agẹmọ ọdún 1999 lórí bí eré tí ènìyàn púpọ̀ jọ ń ṣe ṣe lè la NAT kọjá. Ohun tí ó fi hàn ni pé ẹni inú ilé fúnra rẹ̀ lè mú ògiri lanu láìtẹ òfin ògiri lójú.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé rẹ̀, kí a sì lo àwọn àdírẹ́sì tí a yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ nínú ìwé. Ẹ̀rọ A wà lẹ́yìn ògiri tí àdírẹ́sì gbangba rẹ̀ jẹ́ 203.0.113.5. Ẹ̀rọ B wà lẹ́yìn ògiri mìíràn tí tirẹ̀ jẹ́ 198.51.100.7. Alárinà wà ní gbangba níbi tí àwọn méjèèjì ti lè pè é. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀.

Ní àkọ́kọ́, A àti B yóò pe alárinà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ìdì wọn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò rí àdírẹ́sì gbangba àti pọ́ọ̀tì tí ògiri fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. A kò mọ ti ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àdírẹ́sì abẹ́lé nìkan ni ó mọ̀. Ní ìgbésẹ̀ kejì, alárinà yóò sọ àdírẹ́sì B fún A, yóò sì sọ ti A fún B. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, àwọn méjèèjì yóò fi ìdì ránṣẹ́ síra wọn ní àkókò kan náà. Bí ìdì A ṣe ń jáde, ògiri A yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni inú ilé ti bá 198.51.100.7 sọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìdì B bá dé, ògiri A yóò kà á sí èsì, yóò sì gbà á wọlé. Ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ ògiri B. Bí ìdì tí ó kọ́kọ́ dé bá tilẹ̀ ṣòfò nítorí pé ihò òdìkejì kò tíì là, èyí tí ó tẹ̀lé e yóò wọlé. Láti ìgbà náà lọ, alárinà lè máa lọ sílé rẹ̀.

A rí i pé kò sí ẹni tí ó fọ́ ògiri. Òfin tí ògiri ń tẹ̀lé, pé kí èsì wọlé, ni àwọn méjèèjì fi pàdé. Ihò náà kì í sì í pẹ́ kí ó tó dí bí ọ̀rọ̀ bá dákẹ́. Ìdí nìyí tí ìwé RFC 4787 (2007) fi pàṣẹ pé NAT kò gbọdọ̀ pa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ kí ìṣẹ́jú 2 tó pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti dákẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tí ó ń lo ọgbọ́n yìí máa ń fi ìdì kékeré ránṣẹ́ síra wọn láti ìgbà dé ìgbà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń koná mọ́ iná kí ó má baà kú.

6.0 Láti Ọgbọ́n Orí sí Ìlànà

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2003, ìwé RFC 3489 sọ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ di ìlànà lábẹ́ orúkọ STUN. Ìwé náà pín NAT sí oríṣi mẹ́rin. Mẹ́ta nínú wọn gba ọgbọ́n ihò láàyè, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin ya aláìgbọràn. Oríṣi yìí máa ń yan pọ́ọ̀tì tuntun fún ẹni kọ̀ọ̀kan tí ẹni inú ilé bá bá sọ̀rọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí pọ́ọ̀tì tí alárinà rí kò fi ní í wúlò fún ẹlòmíràn.

Ford, Srisuresh àti Kegel (2005) gbé ọgbọ́n náà sórí òṣùwọ̀n. Nínú àwọn NAT tí wọ́n dán wò, nǹkan bí ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gba dídá ihò lu lórí UDP, nǹkan bí ìdá 64 sì ni ó gbà á lórí TCP. Ní ọdún 2005 yìí kan náà, Paul Francis, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá NAT sílẹ̀, àti Saikat Guha tẹ ìwádìí jáde lórí bí TCP ṣe lè la NAT kọjá. Ẹni tí ó bá wọn mọ ògiri náà ni ó tún ń bá wọn wá ojú ihò rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe fún àwọn tí ògiri wọn kò lanu? Fún wọn ni a ṣe dá TURN sílẹ̀, tí ìwé RFC 5766 gbé jáde ní oṣù Igbe ọdún 2010. Nínú TURN, alárinà kì í yẹ̀ba. Gbogbo ìdì ni ó ń ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ títí dé òpin, òun ni ó sì ń ru ìnáwó rẹ̀. Ní oṣù yìí kan náà ni ìwé RFC 5245 gbé ICE kalẹ̀, èyí tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ẹ̀rọ méjèèjì yóò kó gbogbo ọ̀nà tí ó ṣeé ṣe jọ, wọn yóò dán wọn wò, wọn yóò sì mú èyí tí ó dára jù. Ọ̀nà tààrà ni a máa ń fẹ́ ṣáájú. TURN ni ibi ìsádi ìkẹyìn. ICE yìí ni ó wà nínú WebRTC, ètò ìpè inú ẹ̀rọ awákiri tí àjọ W3C fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ìlànà ní ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2021.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ ní mímẹ́nubà. Ní ọdún 2003, àkọlé STUN pè é ní ọ̀nà ìrọ̀rùn fún líla NAT kọjá. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà náà kọ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2008, wọ́n fi lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sílẹ̀, wọ́n sì yí ìtumọ̀ wọn padà sí ohun èlò lásán. Wọ́n tún yọ ìpínsísọ̀rí oríṣi mẹ́rin náà kúrò, nítorí pé ìwà àwọn NAT tí ó wà lóde kò ṣeé tò sínú rẹ̀.

7.0 Skype: Alárinà Tí Ó Di Onílé

Ìtàn Skype ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ wa múlẹ̀ jù. Niklas Zennström àti Janus Friis gbé e jáde ní oṣù Ògún ọdún 2003 pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Estonia tí wọ́n ti jọ ṣe Kazaa ṣáájú. Baset àti Schulzrinne (2004) ti Yunifásítì Columbia tú ìṣe rẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé Skype ń yan àwọn aṣàmúlò tí ẹ̀rọ wọn lágbára, tí wọ́n sì ní àdírẹ́sì gbangba, láti ṣe àgbà fún àwọn yòókù. Àwọn àgbà yìí ni alárinà fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn ògiri. Wọ́n ń mú àwọn ẹlòmíràn mọ ara wọn, bí ihò kò bá sì ṣeé dá lu, ìdì ohùn lè gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe àgbà lè má mọ̀ rárá pé òun ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Ètò yìí mú kí ìpè láàrin Nàìjíríà àti òkè òkun di ohun tí kò ju owó íntánẹ́ẹ̀tì lọ fún ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ó ní àbùkù. Ní oṣù Ògún ọdún 2007, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tún ara wọn tàn lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn àtúnṣe Windows, Skype sì dákú fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2010, àṣìṣe nínú ètò Skype fún Windows mú kí ọ̀pọ̀ àgbà ṣubú, iṣẹ́ sì tún dúró. Microsoft ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2011 ní bílíọ̀nù 8.5 dọ́là. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2012, ẹ̀rọ inú àkóso Microsoft fúnra rẹ̀ ti gba ipò àgbà lọ́wọ́ àwọn aṣàmúlò.

Ìyípadà yìí mú ìdúróṣinṣin wá, ṣùgbọ́n ó sọ alárinà di onílé. Lẹ́yìn èyí, ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ìpinnu ẹnì kan. Ní ọjọ́ 5 oṣù Èbìbí, ọdún 2025, Microsoft pa Skype tì. Ẹ̀rọ àwọn aṣàmúlò wà bí ó ti wà, íntánẹ́ẹ̀tì wà, ọgbọ́n dídá ihò lu náà wà. Ẹni tí ó mọ ilé tọ̀tún-tòsì ni kò sí mọ́.

8.0 Ìjíròrò

Ǹjẹ́ ó yẹ kí a wó ògiri náà ni? A kò rò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún 2003 tí Skype jáde náà ni kòkòrò Blaster ń wọ inú àwọn ẹ̀rọ Windows tí ó dúró sí gbangba. Ọdún kan lẹ́yìn náà, nínú àtúnṣe Windows XP ti oṣù Ògún ọdún 2004, Microsoft tan ògiri ààbò sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n béèrè. Ìbẹ̀rù tí ó kọ́ ògiri kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán.

Àwọn kan gbà pé IPv6 yóò parí gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìlànà yìí, tí ó kọ́kọ́ jáde ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1995, ní àdírẹ́sì oníbíìtì 128, iye rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ńbà onídíjíìtì 39. Ògiri ọ̀wọ́n ni èyí lè wó, kò lè wó ògiri ìbẹ̀rù. Ìwé RFC 6092 (2011) dámọ̀ràn irú òfin kan náà fún ẹnu-ọ̀nà ilé tí ó ń lo IPv6: kí èsì wọlé, kí àlejò tí a kò pè dúró síta. Nítorí náà, alárinà yóò ṣì níṣẹ́. Ní ti IPv4, àpapọ̀ àdírẹ́sì rẹ̀ tán lọ́wọ́ àjọ IANA ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlè, ọdún 2011. Ní ọdún 2012, ìwé RFC 6598 ya àdírẹ́sì 4,194,304 sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń fi NAT kejì sókè NAT inú ilé. Ẹni tí ó bá ń ti inú irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ògiri tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Bákan náà ni a kò sọ pé alárinà tí kò yẹ̀ba burú nígbà gbogbo. Ìsopọ̀ tààrà máa ń fi àdírẹ́sì ẹnì kìíní han ẹnì kejì. Ní ọdún 2023, WhatsApp fi ààyè sílẹ̀ kí aṣàmúlò lè yàn pé kí ìpè òun máa gba inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà kọjá, kí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ má baà mọ àdírẹ́sì òun. Bí a bá fi àṣírí dì í láti ìkángun dé ìkángun, ẹ̀rọ àárín kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohun tí ó ṣì lè mọ̀ ni ẹni tí ó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, àti ìgbà tí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tí ó yàn án ní ìmọ̀ọ́mọ̀ ti ṣe ìṣirò èrè àti àdánù. Ẹni tí kò mọ̀ pé alárinà wà kò ṣe ìṣirò kankan.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan kíláàsì wa. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sábà máa ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì so gbogbo ayé pọ̀. Ìtàn yìí fi hàn pé ìsopọ̀ náà kò dọ́gba, àti pé àwọn ènìyàn ni wọ́n ṣe ìpinnu tí ó mú un rí bẹ́ẹ̀, ní ọdún tí a mọ̀, nítorí ìdí tí a lè tọ́ka sí.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí bí ìdọ́gba tí íntánẹ́ẹ̀tì fi bẹ̀rẹ̀ ṣe bọ́ sọ́wọ́ ògiri ìbẹ̀rù àti ògiri ọ̀wọ́n, àti bí àwọn aṣàmúlò ṣe fi òfin ògiri fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà pàdé. A rí i pẹ̀lú pé Napster ṣubú nígbà tí wọ́n mú alárinà rẹ̀, Skype sì lọ nígbà tí alárinà rẹ̀ pinnu láti lọ.

Àbá méjì ni a fẹ́ dá. Èkíní ni pé kí ẹ̀kọ́ nípa íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kọjá bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ya àwòrán ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó pè. Èkejì ni pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní àdírẹ́sì gbangba gbìyànjú láti gbé alárinà tiwọn kalẹ̀. Ètò coturn, tí ó ń ṣe iṣẹ́ STUN àti TURN, jẹ́ ọ̀fẹ́, ìlànà tí ó sì ń tẹ̀lé wà ní àrọ́wọ́tó ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà á. Bí a kò bá tilẹ̀ lè ṣe ìgbéyàwó láìsí alárinà, ó dára kí a mọ ilé rẹ̀, kí a sì mọ ọjọ́ tí yóò yẹ̀ba.